Ọjọ́ Tí Tìmí Lọ Síbi Iṣẹ́ Bàbá Rẹ̀

                                        7418 Òpópónà Ashgrove,
                                        Mission Bend,
                                        Houston, Texas.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Èyítáyọ̀,

Mo kí yín o, mo sì tún yín kí. Ṣé ara le? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn, àbí òjò ọdún yìí kò jẹ́ kó sinmi? Bàbá Èyítáyọ̀ ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran dáadáa? Mo rí fọ́tò ọmọ tuntun tí Èyítáyọ̀ fi ránṣẹ́, èyí tó di ìkúùkù bí ẹni tó fẹ́ bá wa jà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ kú ìtọ́jú ilé àwọn òbí wa ní Iléṣà, ẹ kú làálàá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín.

Kí n tó lọ jìnnà, Tìmí wà láàyè. Ó wà nínú ilé, ó ń jẹun. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ ka ìyókù. Mo mọ̀ pé Zoe àbúrò rẹ̀ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà fún yín lórí fóònù, mo sì mọ̀ pé kò dùn mọ́ yín nínú pé èmi kò sọ ìdajì tó kù. Ẹ má bínú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè ni Tìmí máa ń jókòó tì mí, kò sì sí ohun tí a sọ tí kì í gbọ́. Àwọn tó rò pé kì í gbọ́ ni wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi mú bírò lónìí tí Zoe gbé e jáde.

Ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n sáré lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí yírùnyírùn gbé e dè nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, nítorí náà n kò ní máa ṣàlàyé fún yín bí òye rẹ̀ ṣe dúró síbi tó dúró sí, àti bí wárápá ṣe di ohun tí a ń fi oògùn kó níjàánu láàárọ̀ àti lálẹ́. Ohun tí ẹ kò tíì fojú rí ni bó ṣe rí báyìí. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó tó la ẹnu sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó lágbára ni yóò rò pé òun ń wò.

Nígbà tí Bàbá Tìmí wà láyé, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ wọn ló ń gbé oògùn ọmọ yìí. Bí a ṣe sin wọ́n lóṣù Kìíní, inṣọ́ránsì náà bá wọn wọlẹ̀. Mo ń rà á fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, oògùn orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá rà. Mo máa ń gbé ìgò rẹ̀ sókè sí iná kí n lè mọ èyí tó kù nínú rẹ̀, mo tún máa ń gbé e bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bíi pé ó lè ti bímọ sí i.

Zoe ló gbọ́ ní daycare tó ti ń tọ́jú ọmọdé ní Katy pé kí a lọ sí ọ́fíìsì Social Security, níbi tí ìjọba ti ń san owó ìfẹ̀yìntì. A lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Evelyn dá wa lóhùn, ó sì fara balẹ̀ fún wa. Ó ní owó kan wà fún àgbàlagbà tó jẹ́ pé láti kékeré ni àìlera ti dè é mọ́lẹ̀. Ó ní kì í ṣe sàárà. Inú ohun tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ òbí rẹ̀ ló ti ń wá, bí òbí náà bá ti kú, tàbí tó fẹ̀yìn tì, tàbí tí àìsàn dá òun náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àìlera ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ọdún méjìlélógún. Kò gbọ́dọ̀ ní ìyàwó nílé. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ gidi tí yóò fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Ti ọdún méjìlélógún kò dẹ́rù bà mí. Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ ní Alief mọ̀ ọ́n, kíláàsì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí látọjọ́ tí a ti dé, ẹ̀yin náà sì ti bá wa gba ìwé ẹ̀rí àìsàn rẹ̀ nílé ìwòsàn ní Iléṣà, ẹ ṣeun. Ti ìyàwó, Tìmí fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín sí i. Ìkẹta yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi, nítorí pé mo mọ ọmọ mi. Tìmí kì í sọ pé òun kò lè ṣe nǹkan. Bí ẹ bá bi í bóyá ó lè gbé ilé yìí kúrò nílẹ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ó rò pé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ó sì máa ń fẹ́ kí inú ẹlòmíì dùn.

Lóṣù Kẹjọ, wọ́n ní kí a mú un lọ rí dókítà kan tó máa ń yẹ òye àti ìrònú èèyàn wò. Tìmí ní táì bàbá òun ni òun máa dè lọ. Mo dè é fún un. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ní kí èmi dúró síta. Ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó sórí àga kan lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo “bẹ́ẹ̀ ni” tó ń sọ nínú yàrá lọ́hùn-ún ni mo ń fọkàn gbọ́.

Ó jáde tayọ̀tayọ̀. Nínú ọkọ̀ ni mo ti rọra bi í pé kí ni wọ́n bi í.

Ó ní, “Wọ́n bi mí ṣé mo máa ń se oúnjẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí ṣé mo máa ń wakọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé mo lè ṣiṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni ọkùnrin ilé.”

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú nìyẹn o. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ̀, kò sí bàbá ìjọ tí kò gbé ọwọ́ lé e léjìká kó sọ fún un pé òun ni ọkùnrin ilé láti ọjọ́ náà lọ. Ìtùnú ni wọ́n pè é. Wọn kò mọ̀ pé Tìmí kì í gba ọ̀rọ̀ ní ìtùnú, bó ṣe bọ́ sí i létí ló ń gbà á. Mo yà sí ilé epo kan lẹ́bàá Highway 6, nítorí pé n kò rí ọ̀nà mọ́. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ nu gíláàsì ojú mi. N kò bá a wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ báluwẹ̀ lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ilé pa rọ́rọ́. Tìmí ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ bàbá rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí láyà, kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Kúlà tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́ náà ti lọ. Oògùn àárọ̀ rẹ̀ wà nínú àwo kékeré tí mo gbé e sí, kò fọwọ́ kàn án.

Mo sáré síta. Ọkọ̀ ṣì wà níbi tí mo gbé e sí, mo dúpẹ́, ẹ̀rù sì tún bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé a jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi rìn. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ láti ìkángun òpópónà wa dé ìkángun kejì. Mo lọ wo kòtò ńlá tí omi òjò ń gbà kọjá lẹ́yìn ilé. Mo wo inú omi náà, Ìyá Èyítáyọ̀. Mo dúró létí rẹ̀, mo ń wá aṣọ nínú rẹ̀. Ooru ibí yìí lóṣù Kẹjọ kì í ṣe oòrùn tí a mọ̀ nílé, ilẹ̀ gan-an ló máa ń hó bọ̀ láti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru wà lára ohun tó máa ń jí wárápá yìí. Mo ń rí i lójú mi tó ṣubú sáàárín títì márosẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò pe ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Bí èèyàn bá pariwo mọ́ Tìmí, kì í dúró, eré ló máa ń sá. Bí àyà rẹ̀ bá sì já, á ki ọwọ́ bọ àpò, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé kí ó máa mú swíìtì jẹ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á.

Ọkùnrin dúdú, tó ga, tó ń sáré, tó ń ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀yin náà ń wo ìròyìn wa níbẹ̀, ẹ mọ ohun tí ìbọn ọlọ́pàá ń ṣe sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Zoe ni mo pè. Ó ní, “Mummy, ẹ pè wọ́n kí ẹlòmíì tó pè wọ́n.”

Mo pè. Obìnrin tó gbé fóònù náà bi mí bó ṣe ga tó. Ó bi mí ṣé ó máa ń jà. Ó bi mí ṣé ó mú nǹkan ìjà dání. Mo ní kúlà oúnjẹ ló mú dání. Ó ní kí ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ̀. Mo ní bóyá búrẹ́dì ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé bí wọ́n bá rọra pe orúkọ rẹ̀, á dá wọn lóhùn. Ó ní òun ti kọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni.

Mo ń wa ọkọ̀ kiri àdúgbò nígbà tí fóònù mi dún. Ọláolú ni. Ẹ kò mọ̀ ọ́n: ọmọ Ìbàdàn kan ni, kò tíì pẹ́ tó dé sí Houston, ó ń kàwé, ó sì ń ṣọ́nà ní ilé gogoro kan ní Uptown níbi tí Bàbá Tìmí ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Wọ́n mú un wá jẹun nílé wa lọ́dún Kérésì tó kọjá.

Ó ní, “Màmá, Tìmí wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra wakọ̀.”

Mo gbọ́ ariwo fèrè ọlọ́pàá lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ìpè náà sì já. Ẹni tó bá ní kéèyàn rọra wakọ̀ ti mọ ohun tí onítọ̀hún kò tíì mọ̀. Mo gba òpópónà Westheimer lọ, gbogbo iná ojú ọ̀nà sì ń pọ́n dè mí. Orin ìjọ kan wà lẹ́nu mi tí n kò lè rántí ju ìlà kan lọ nínú rẹ̀, ìlà yẹn ni mo ń kọ ní àkọtúnkọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì àti ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, iná orí wọn ń ṣẹ́jú. Mo rí bàtà Tìmí ẹsẹ̀ kan lórí sìmẹ́ǹtì. N kò rí Tìmí. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sin ín lọ́kàn mi. N kò lè ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọláolú ló wá ṣí i, ó kúnlẹ̀ níta níbẹ̀, ó ní, “Màmá, ó ń mí. Ẹ wò ó, ó ń mí.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí Ọláolú ṣe sọ ọ́ fún mi. Tìmí wọ bọ́ọ̀sì tí òun àti bàbá rẹ̀ máa ń wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọn bá bàjẹ́. Ó sọ̀ níbi tó yẹ kó ti sọ̀. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n kò ní káàdì tí wọ́n fi ń ṣí i, ló bá ń fa ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan yí ilé náà ká. Ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí i, ẹ̀rù bà á, ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n dé, wọ́n pariwo pé kó dúró. Tìmí ki ọwọ́ bọ àpò.

Ọláolú ní òun kò mọ ìgbà tí òun sáré bọ́ sáàárín wọn. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń ké pé aláìsàn ni, pé òun mọ bàbá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé kó ní sùúrù. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí wárápá fi gbé Tìmí ṣánlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ̀ aláìsàn, mo la ọwọ́ rẹ̀. Swíìtì náà wà nínú rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, ó sùn lọ fọnfọn. Dókítà bi mí ìgbà tó lo oògùn kẹ́yìn, mo sọ ọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́, èrò kan wọ ọkàn mi: wọn á gbà báyìí pé kò lè ṣiṣẹ́. Ìyá Èyítáyọ̀, ẹ̀rù ti ń bà mí láti àárọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bà mí nígbà tí mo gbọ́ èrò ara mi yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Irú ìyá wo ló ń jókòó ti ọmọ tó ṣubú lulẹ̀, tó sì ń ro ohun tí ìṣubú náà lè mú wá? Mo sọ ọ́ fún Zoe. Ó wolẹ̀. Ó ní òun náà ti rò ó, kí òun tó dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. A di ara wa lọ́wọ́ mú.

Nígbà tí Tìmí jí, kúlà rẹ̀ ló kọ́kọ́ bèèrè. Mo bi í pé kí ló wá lọ síbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọ̀rọ̀ kò yé. Ó ní, “Wọ́n ń retí Dádì. Mo lọ dúró dípò wọn.”

Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó ku ohun kan tí òun kò tíì sọ nípa dókítà àná. Ó ní ọkùnrin náà tún bi òun bóyá òun máa ń wa ọkọ̀ òfurufú. Zoe ní kí ló wá sọ. Tìmí ní, “Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.” Zoe fi orí lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ìgbà yẹn ló yé mi pé dókítà náà ti mọ̀ pé kò sí ohun tí ọmọ mi kì í dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí. Ṣùgbọ́n ìrètí kò tó ìdáhùn. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń sáré lọ gbé e. Zoe fi agogo sí ẹnu ọ̀nà kí a lè mọ̀ bí Tìmí bá ń jáde, bí atẹ́gùn bá mì í, mo ti dìde nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Evelyn pè. Wọ́n ti gbà á. Ó ní ìtọ́jú ìlera tó máa ń tẹ̀lé e kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún méjì sí i, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò ti ń fún wa ní oògùn ní ẹ̀dínwó, a sì lè fi owó yìí gbé ìyókù. Mo dúpẹ́ títí ohùn mi fi há. Mo wá bi í pé bí mo bá kú ńkọ́. Ó ní owó náà kò ní dúró nítorí ikú mi, níwọ̀n ìgbà tí àìlera náà bá ṣì wà, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa gbà á fún un. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ báyìí. Zoe ní tòun ni kí wọ́n fi tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì mọ ibi tí ayé tirẹ̀ ń lọ, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ọn. Mo wò ó, n kò lè sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì lè sọ pé kó ṣe é.

Ẹ̀rù náà kò tíì lọ o. Owó ra oògùn, ó ṣeun, ṣùgbọ́n owó kò lè dúró lójú pópó kó ṣàlàyé Tìmí fún ẹni tó ń bínú. Ẹ máa rántí wa nínú àdúrà òwúrọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ kàn kí i, kí ẹ bi í ohun tó jẹ. Ẹ má gbé ẹrù kankan lé e lórí.

Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwòsàn, kò sí àárọ̀ tí kì í bi mí pé ta ló dúró dípò Dádì níbi iṣẹ́ lónìí. Ọjọ́ Ajé yẹn, lẹ́yìn tí Evelyn ti pè, mo pè é wá sórí àga, mo ní owó kan á máa wọlé fún un lóṣooṣù, pé láti ibi iṣẹ́ Dádì ló ti ń wá.

Ó ní, “Ṣé Dádì ṣì ń ṣiṣẹ́?”

Mo ní, “Rárá, wọ́n ti ṣe é parí.”

Ó ní, “Tèmi ńkọ́?”

Mo ní, “Wọ́n ti bá ẹ ṣe tìẹ mọ́ ọn.”

Ó wá bi mí bóyá òun lè jókòó sílé nígbà náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti oṣù Kìíní tí a ti sin bàbá rẹ̀, n kò rí omijé lójú Tìmí rí, kódà létí sàréè. Ó fi orí lé mi ní èjìká, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe tóbi tó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bàbá rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá Èyítáyọ̀, ẹ kí Èyítáyọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, kí ẹ sì fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu fún mi. Zoe kí yín. Tìmí náà kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé mo ń kọ̀wé sí yín.

Àbúrò yín tó ń fojú sọ́nà fún ohùn yín ni mí,

Kíkẹ́ Akínlabí.